Ìgò mẹ́ta ni

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti lọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lẹ́ẹ̀mẹta, o ò tíì lanu, ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ò yé ọ, o wá ń rò ó pé kó o kúkú máa rí dókítà nìkan, torí kí ni ti èrò nínú àìsàn ẹni. Má tíì kúrò. Mo ti wọ ẹgbẹ́ tó tún dá kún tèmi, mo sì ti wọ èyí tó gbà mí.

Ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo wà, ní Ṣómólú. Ọdún 11 ni mo fi ń mu páráàgà kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó yá, tí mi ò bá tíì rí i mu, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé mi ò lè kó bébà jọ kí etí rẹ̀ dọ́gba ká tó gé e. Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ìyàwó mi ti rí i tipẹ́, kò kàn sọ ni.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, a sì máa ń tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó o bá sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ lónìí, ó lè jẹ́ pé o ò ní rí i mọ́ láé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, ó parí. A ò bínú síra wa, a ò sì bi ara wa ní ìbéèrè kankan. Mo rò pé àlàáfíà nìyẹn. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyàwó mi lẹ́nu ẹni tí kò wá sí ìpàdé yẹn rí. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo tún fi mutí.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí ìkejì. Àwa mẹ́jọ péré, gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn ò sì gba ẹlòmíràn títí oṣù mẹ́fà fi pé. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe orí ara àwọn ni àwọn ti mú iye yẹn: Irvin Yalom, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló ní èèyàn méje sí mẹ́jọ ló dáa jù, òun náà ló ka ohun 11 tó ń wo èèyàn sàn nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ìrẹ́pọ̀ sì wà lára wọn. Ohun tí ìfọkàntán jẹ́ láàárín dókítà àti aláìsàn kan ṣoṣo, lójú tiẹ̀, òun ni ìrẹ́pọ̀ jẹ́ fún ẹgbẹ́. Nígbà yẹn, etí kan ló gbà á wọlé, èkejì ló gbà á jáde.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kó yé mi. (Bàbá tọ́rọ̀ kàn ti ní kí n sọ ọ́.) Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lọ́sẹ̀ kẹfà, wọ́n ní ìgò kan ṣoṣo làwọn mu níbi ìsọmọlórúkọ kan. Ọmọkùnrin kan tó ń lẹ táyà, tí kò tíì pé ọdún 25, gbójú sókè: “Bàbá, ẹ má bínú o, irọ́ lẹ̀ ń pa. Ara yín ń rùn ún báyìí.”

Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ìwọ náà mọ bí tiwa ṣe rí, ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé irọ́ ló ń pa? Bàbá mú fìlà wọn, wọ́n ní àbígbẹ̀yìn àwọn ju ọmọ yìí lọ, wọ́n jáde. Nọ́ọ̀sì ò pè wọ́n padà, wọn ò sì bá ọmọ náà wí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n to àga mẹ́jọ bó ṣe máa ń rí, a jókòó sí méje. Kò sẹ́ni tó gbé àpò rẹ̀ lé ìkẹjọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ yẹn lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Bàbá. Ó tọrọ àforíjì pé òun sọ ọ́ lójú àwùjọ, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní: “Ìgò mẹ́ta ni.”

Ọjọ́ yẹn lèmi náà sọ ti owó ilé ìwé ọmọ mi tí mo fi mutí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn èèyàn á máa pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún ọ, bíi pé ká ṣáà ti kóra jọ ló kù. Ogún èèyàn kóra jọ ní gbọ̀ngàn ọjọ́sí, kí ló ti ibẹ̀ jáde? Ìrẹ́pọ̀ tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n lè sọ òótọ́ tó dùn ọ́ fún ọ, kó o sì tún fẹ́ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ká máa tọ́jú aláìsàn láàárín èèyàn ò kúkú ṣàjèjì sí wa. Lọ́dún 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, tí mọ̀lẹ́bí á sì tẹ̀ lé aláìsàn wá.

Ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ náà tún lè dùn jù. Nígbà tó di oṣù kẹrin, a dá àjọ sílẹ̀, ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ò rí owó dá mọ́, ojú tì í, kò wá mọ́. Ọtí kọ́ ló lé e lọ o, àjọ ni. Ibẹ̀ la wà tí ẹnì kan tún dábàá aṣọ ẹbí! Nọ́ọ̀sì ní ká dá owó oníkálukú padà fún un, pé ẹgbẹ́ aríyá kọ́ làwọn ń darí.

Torí náà, bi ẹni tó ń darí yín ní ohun méjì: ṣé ẹ̀yin kan náà ni ẹ óò jọ máa wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti pé kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ síta. Tí wọn ò bá rí èsì kan pàtó fọ̀ sí ìkejì, wá ibòmíràn. Dókítà ńkọ́? Má fi wọ́n sílẹ̀ o. Ẹni tó ti ń mu lójoojúmọ́ bíi tèmi, tó bá dédé dá a dúró láìsí ìtọ́jú, gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á. Ẹgbẹ́ kankan ò lè bá ọ mójú tó ìyẹn.

Ní ti ẹ̀rín wọn, bi wọ́n pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Tètè dé, bá wọn to àga. Ìpàdé kẹrin ni mo tó lanu níbi tiwa, ohun tí mo sì sọ ò ju pé fáànù yẹn ń pariwo jù. Obìnrin tó jókòó lápá ọ̀tún mi dìde, ó lọ pa á.