Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Bátìrì ọkọ̀ hybrid yín, ṣé ó ti kú ni àbí ó kàn rẹ̀ ẹ́?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọkọ̀ hybrid, èyí tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn, lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bèèrè: "Wọ́n ní bátìrì mi ti lọ, ṣé òótọ́ ni?" A mú márùn-ún níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tẹ bọ́tìnnì ọkọ̀ mi láàárọ̀, iná pupa àti yẹ́lò tàn káàkiri dáṣíbọ́ọ̀dù, àmọ́ READY, àmì pé ọkọ̀ ti ṣetán láti rìn, kò jáde. Mẹkáníìkì ní bátìrì ńlá ló kú. Ṣé kí n lọ rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ yín. Ńlá ló ń bá ẹ́ńjìnì yí táyà. Kékeré, onífóltì 12, ló ń jí àwọn kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń gbé agbára fún àwọn relay, ìyẹn súwíìṣì oníná tó ń so bátìrì ńlá mọ́ ọkọ̀. Bí kékeré bá ti rẹ̀, bí ńlá tilẹ̀ kún dẹ́nu, kò sí ohun tó lè ṣe. Kí ìkìlọ̀ mẹ́fà tàbí méje tàn lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì kékeré ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú. Fóltì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2, ó ti dé ìdajì. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ wo mítà náà bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì: bátìrì tó fi 12.5 hàn tó wá já sí 10 lójijì ti gbó. Bí READY bá wá jáde, ó yẹ kí mítà fi nǹkan bíi 13.8 sí 14.5 hàn. Ọkọ̀ yìí kò ní alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì nínú ọkọ̀ lásán. Converter ló ń fa iná láti ara bátìrì ńlá wá ṣáàjì kékeré. Bí READY bá wà tí mítà kò kúrò ní 12 àti díẹ̀, converter tàbí fíúsì rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Nínú Toyota Prius 2004 sí 2015, búùtù lápá ọ̀tún ni bátìrì kékeré wà, iná ló sì ń ṣí búùtù. Ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ irin tó wà nínú rìmóòtù, ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ fa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú àpótí fíúsì níbẹ̀, lábẹ́ ìdérí pupa kékeré, ni ojú pọ́sítíìfù tí a fi ń jọ́m̀pù wà. Nẹ́gétíìfù yóò lọ sára irin ọkọ̀ tí a kò kùn. Ẹ má ṣe fi pọ́sítíìfù sójú nẹ́gétíìfù o! Fíúsì ńlá lè jó, inverter, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì ńlá padà fún mọ́tò, sì lè bá a lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, irú AGM, èyí tí omi inú rẹ̀ kì í dà, tó ní ihò fún rọ́bà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ rà, torí inú ibi tí èèyàn ń jókòó ló wà.

Ìbéèrè: Prius 2010 ni mo ń wà. Ìwé ọkọ̀ sọ pé bátìrì ńlá jẹ́ fóltì 201.6, àmọ́ ẹ̀rọ tí mo kì bọ ihò OBD2, ibi tí a ti ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sórí fóònù, ń fi 218 hàn, bí mo bá tẹ bíréèkì ó ń di 235. Ṣé kò ní bú báyìí?

Ìdáhùn: Kò ní bú. 201.6 jẹ́ iye orúkọ lásán. Módù 28 ni wọ́n tò pọ̀, sẹ́ẹ̀lì 6 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń ka sẹ́ẹ̀lì NiMH (nickel-metal hydride, irú bátìrì tó wà nínú ọkọ̀ yín) kan sí fóltì 1.2. Sẹ́ẹ̀lì 168 nìyẹn. Ṣùgbọ́n NiMH tí ara rẹ̀ dá máa ń jókòó sí nǹkan bíi 1.3, ẹ fi 168 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 218 yín. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò iná di ẹni tó ń ṣáàjì, ó sì gbé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dé 1.4. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Àròpọ̀ yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ máa wò. Bátìrì tó ní sẹ́ẹ̀lì kan tó ti kú ṣì lè fi 217 hàn, ẹ ò sì ní mọ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka àwọn módù náà ní méjì-méjì, méjì kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní block, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14, ibẹ̀ sì ni àṣírí wà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná, kí ẹ̀yin máa wo fóònù. Kó tẹ tọ́tù dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó sì wá tẹ bíréèkì pẹ̀lẹ́. Block tó dára máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ pa pọ̀, ìyàtọ̀ wọn kì í ju 0.2 tàbí 0.3 lọ. Bí àwọn yòókù bá wà ní 14.8 tí ọ̀kan já sí 13.4, tí òun kan náà tún fò ju gbogbo wọn lọ nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ti rí aláìlera. Àyè inú rẹ̀ ti kéré: kíá ló ń gbẹ, kíá ló ń kún. Èyí tó bá sì fi nǹkan bíi 1.2 rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù nígbà gbogbo, kódà lórí ìdúró, sẹ́ẹ̀lì kan ti kú pátápátá nínú rẹ̀. Kóòdù P0A80, tó ń sọ pé bátìrì ńlá ti ń bàjẹ́, kì í jìnnà sí irú èyí.

Àwọn iye wọ̀nyí wà fún NiMH nìkan. Ẹ má fi wọ́n wo bátìrì lithium, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3.7.

Ìbéèrè: Ariwo kan ń hó lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn bí oòrùn bá mú. Kí ni?

Ìdáhùn: Fáànù tó ń tu bátìrì nínú ni. Bó bá ń pariwo ṣáá, ooru ti pọ̀ tàbí ìdọ̀tí ti dí i. Ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má gbé báàgì tàbí aṣọ dí i. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀, ẹ fa eruku inú àsẹ́ rẹ̀ jáde. Bí eruku bá ti wọ inú fáànù fúnra rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ kan omi. Ìwọ̀nba iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń fojú fò, ooru sì ni olórí ohun tó ń pa bátìrì yìí. Àwọn módù àárín ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ló ń gbóná jù.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè pààrọ̀ módù kan ṣoṣo tó bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ bí ẹ bá kàn ki tuntun sáàárín àwọn arúgbó, kò ní pẹ́ tí òmíràn yóò fi tẹ̀lé e. Ẹ wá èyí tí àyè rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn yòókù. Ẹ ṣáàjì gbogbo wọn, ẹ fa iná inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde títí yóò fi dé fóltì 6, ẹ kọ iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé sílẹ̀. Ẹ dì wọ́n mọ́ra gírígírí nígbà tí ẹ bá ń ṣáàjì, torí wọ́n máa ń wú. Ẹ tún wo àwọn irin bàbà tó so wọ́n pọ̀: bí nǹkan aláwọ̀ ewé bá ti bò wọ́n, ẹ fọ̀ wọ́n mọ́, nítorí irọ́ ni mítà yóò máa pa. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò fẹ́ agbára, 5.4 Nm péré. Ẹni tó bá fún un jù yóò já a.

Iná yìí ń pààyàn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tú nẹ́gétíìfù bátìrì kékeré, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún fóltì 1000, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì olómi ọsàn tó ń já iná bátìrì ńlá, kí ẹ fi í sápò ara yín. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó wà nínú àwọn capacitor, ohun tó ń fi iná pamọ́, tán, ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ní ìbọ̀wọ́ yẹn, kó gbé e fún ẹni tó ní in.

Ìbéèrè: Súnkẹrẹ fàkẹrẹ pọ̀ lọ́nà mi, N ni mo máa ń fi gíà sí láti fi ẹsẹ̀ sinmi. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú. Nínú Prius àtàwọn ẹbí rẹ̀, bátìrì ńlá kì í gba ṣáàjì nínú N, kódà bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni éésì ń jẹ iná lọ. Ẹ fi sí P bí ìdúró bá máa pẹ́. Bí kò bá ní pẹ́, ẹ fi sí D, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì.