Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fa ẹ̀yìn ríro mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 57 ni mí, iṣẹ́ pákó gbígbé ni mò ń ṣe ní sọ́míìlì. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí ẹ̀yìn ti ń ro mí, nísàlẹ̀ níbi tí mo ń di bẹ́líìtì sí. Mo ti mu àgbo jẹ̀dí títí, kẹ́mísì náà ti gún mi lábẹ́rẹ́, tó bá ti ṣiṣẹ́ tán ó tún ti padà nìyẹn. Òru ló wá ń le jù báyìí, ṣòkòtò sì ti ń tú lára mi. Ìyàwó mi ní kí n lọ sí ọsibítù Wesley, mo ní ṣebí ẹrù gbígbé ni. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó yín ló jàre.

Òótọ́ ni pé ẹrù gbígbé máa ń fa ẹ̀yìn ríro, iṣan tó fà ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Àmọ́ irú ìyẹn, téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ tàbí gbé nǹkan ló máa ń dùn, tó bá sinmi á rọlẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ó sì ti máa ń lọ, pàápàá téèyàn bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ tí ò kàn dùbúlẹ̀ gbalaja. Tiyín ò ṣe báyẹn. Oṣù mẹ́ta, ó ń jí yín lóru, ẹ tún ń rù, àwọn mẹ́ta yìí pa pọ̀ ni ò jẹ́ kí n lè sọ pé kẹ́ ẹ fara balẹ̀.

Nǹkan méjì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni prostate, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀, torí jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, báwo lẹ ṣe ń tọ̀, ṣé kì í dúró kó tó jáde, ṣé ẹ kì í jí tọ̀ lóru ṣáá? Ìkejì ni ikọ́ ife, ìyẹn TB, ẹ má rò pé àfi téèyàn bá ń wúkọ́ o, ó lè wọ eegun ẹ̀yìn láìsí ikọ́ rárá, ara gbígbóná àti òógùn òru ló sábà máa ń bá a rìn. Kí ìyàwó yín fi ìka tẹ eegun ẹ̀yìn yín lọ́kọ̀ọ̀kan látòkè wá sísàlẹ̀, tí ibì kan bá yọ gọngọ tàbí tó dùn yín gan-an, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Tí ò bá sì sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ ṣì lọ náà ni. Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn yín (X-ray). Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wá sí Ifẹ̀, abẹ́ OAUTHC, ìyẹn ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀, kan náà ni Wesley Guild wà. Tó bá jẹ́ TB, ọ̀fẹ́ loògùn ẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.

Abẹ́rẹ́ kẹ́mísì yẹn ńkọ́, ẹ dá a dúró. Tó bá jẹ́ diclofenac, ìyẹn oògùn apàrora kan, ó lè ba kíndìnrín àtinú jẹ́, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kò sì ní sọ ohun tó ń ṣe yín. Àgbo jẹ̀dí náà ò dé inú eegun.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, àtẹ̀yin àtẹni tó bá ń kà á: tẹ́sẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ, tí abẹ́ àti ìdí bá kú tìpìrì, tí ìtọ̀ ò jáde mọ́ tàbí tí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa lọ, ì báà jẹ́ òru, torí iṣan tó ń lọ sẹ́sẹ̀ àti àpòòtọ̀ ló há yẹn, téèyàn bá fi falẹ̀ ó lè má padà mọ́. Ẹ má gun ọ̀kadà lọ, ẹ wá mọ́tò.

Pákó, ẹ má gbé e títí èsì á fi jáde. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò dání, ẹ dárúkọ àgbo náà, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.