Ta Ló Ṣe Ìkòkò Òdòdó Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Baltimore ni mo ń gbé. Ìjọ kan ń ta ẹrù àlòkù ládùúgbò wa, ibẹ̀ ni mo ti ra ìkòkò òdòdó onígíláàsì kan. Búlúù ni. Kókó kéékèèké bò ó yíká, orí kókó kọ̀ọ̀kan àti etí ìkòkò náà sì funfun bí wàrà. Etí rẹ̀ lọ́ sókè lọ́ sódò. N kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Obìnrin kan tó dúró tì mí ní Lalique ni, pé mo ti là. Ṣé lóòótọ́? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà rere. Kì í ṣe Lalique. Ẹja, ẹyẹ, ewé àti obìnrin ni René Lalique, oníṣẹ́ gíláàsì ará Faransé yẹn, sábà máa ń yọ sára gíláàsì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ a sì máa wà lára iṣẹ́ náà: “R. LALIQUE” nígbà tó wà láyé. Lẹ́yìn tó kú ní 1945, wọ́n yọ “R.” yẹn kúrò. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń pe gbogbo gíláàsì tó bá ti funfun létí ní Lalique, torí ó ń bo orúkọ àwọn tó làágùn lórí iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ júwe yìí, West Virginia ni ojú mi lọ, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ gíláàsì Fenton, nílùú Williamstown. 1905 ni wọ́n dá Fenton sílẹ̀, 1907 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gíláàsì ní Williamstown. Ní 1939, wọ́n ṣe ìgò oníkókó fún ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà kan tó ń jẹ́ Wrisley. Ìgò náà tà wàràwàrà, ló bá di pé ní 1940 wọ́n kó oríṣiríṣi àwo àti ìkòkò oníkókó jáde. Hobnail ni wọ́n ń pe àrà náà.

Ẹ má jẹ́ kí àìsí orúkọ já yín kulẹ̀, nítorí ẹ̀rí ni. Kó tó di 1970, bébà ni Fenton ń lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ wọn, bí wọ́n bá sì ti fọ̀ ọ́, bébà lọ nìyẹn. 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ wọn sínú gíláàsì fúnra rẹ̀, nínú àmì tó rí bí ẹyin, ó sì gbà wọ́n lọ́dún díẹ̀ kó tó kárí gbogbo iṣẹ́ wọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n fi 8 kékeré kún un. 9 ni ti àwọn ọdún 1990. Àmì náà lè ṣú gan-an. Ẹ dojú ìkòkò náà dé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi ìka pa ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan síbẹ̀, tó sì jẹ́ Fenton, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú àárín àwọn ọdún 1970.

Níbi tí ẹ ti ń wo ìdí yẹn, ẹ wá àpá róbótó láàárín rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi ọ̀pá irin di gíláàsì gbígbóná mú. Nígbà tí Fenton ṣì ń yọ́ gíláàsì, wọn kì í sábà lo ọ̀pá yẹn. Ẹsẹ̀ ìkòkò ni irin tiwọn ń dì mú. Bí àpá bá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ ronú sí. Hobbs, Brockunier ti Wheeling ti ń ṣe oníkókó láti àwọn ọdún 1880. Duncan & Miller ní Pennsylvania náà ṣe é. Àwo oníkókó Moonstone ti ilé iṣẹ́ Anchor Hocking ńkọ́? Rárá o, gíláàsì mímọ́ gaara tó ní funfun ni ìyẹn, tiyín sì ní búlúù.

Funfun yẹn kì í ṣe ọ̀dà. Wọ́n máa ń po nǹkan bí eérú egungun mọ́ gíláàsì. Bó bá kúrò nínú mọ́ọ̀dù, orí kókó àti etí ló kọ́kọ́ tutù. Tí wọ́n bá wá dá a padà sẹ́nu iná, ibẹ̀ náà ló máa funfun. Ẹ gbé e sójú fèrèsé, ẹ ó rí i tí funfun náà ń pọ́n díẹ̀. Sẹ̀gi tiwa náà ní irú ìwà yìí: búlúù ni lójú, àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ ewé ni. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé àwọn baba wa ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Fenton tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọwo. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé ìwé ni mí ní Newcastle. Abọ́ òdòdó tèmi ní àwọ̀ ìyeyè bí ọsàn wẹ́wẹ́, etí rẹ̀ funfun. “Rd” ló wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó lé díẹ̀ ní 150000. — Káyọ̀dé

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, oríire ni nọ́ńbà yẹn. “Rd” ni àmì pé wọ́n ti forúkọ àrà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà 141273 ni ti ọdún 1890 fi bẹ̀rẹ̀, 163767 ni ti ọdún 1891 fi bẹ̀rẹ̀, tìrẹ sì wà láàárín méjèèjì. 1890 ni wọ́n forúkọ àrà náà sílẹ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Davidson ní Gateshead, lódìkejì odò yín níbẹ̀, ti gba ìwé àṣẹ Pearline, gíláàsì wọn tó funfun létí, ní 1889, pẹ̀lú búlúù àti irú ìyeyè tí o sọ yìí. Tan iná UV (iná onítànṣán tí ojú kì í rí) sí i nínú òkùnkùn: ìyeyè Pearline ní èròjà kan tó ń jẹ́ uranium, àwọ̀ ewé ló máa ń tàn. Ṣùgbọ́n kí o tó pè é ní Davidson, kọ̀wé sí National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Kew. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà wà, orúkọ ẹni tó ni àrà náà sì wà níwájú nọ́ńbà rẹ.