Mo fẹ́ gbé ìdánwò àṣekágbá kúrò lórí bébà: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ yunifásítì ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ 240 ló wà nínú kíláàsì mi. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣekágbá lórí kọ̀ǹpútà, torí pé ìwé máàkì ti sú mi. Irinṣẹ́ wo ni kí n lò, kí ni kí n sì ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká fi irinṣẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹ gbé ìbéèrè èṣí síwájú, kí ẹ ṣà á: èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn lọ́tọ̀, èyí tí ẹ fi ń wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ronú lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ á máàkì ti àkọ́kọ́ kí ọmọ náà tó dìde níbi tó jókòó sí. Èkejì ṣì di ọwọ́ yín, àmọ́ ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ ìkọ̀wé tí kò ṣeé kà, ẹ ó sì lè ka ìdáhùn gbogbo wọn sí ìbéèrè kan tán láì rí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ẹ má torí pé ó sú yín sọ gbogbo rẹ̀ di yíyan ọ̀kan nínú mẹ́rin o. Ẹni tí kò ka ìwé rárá, tó kàn ń fọwọ́ tọ́ èyí tó bá rí, á gba nǹkan bíi 10 nínú 40.

Ní ti irinṣẹ́, Moodle, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléèwé fi ń kọ́ni tí wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò, tó èyí tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2002, ó máa ń da ìbéèrè rú fún olúkúlùkù, ó sì ń fi ìdáhùn pamọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ Safe Exam Browser, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì ETH ní Zurich, kí kọ̀ǹpútà má lè ṣí nǹkan mìíràn. Kò lè rí fóònù tó wà lórí itan ẹnikẹ́ni ṣá, nítorí náà, ẹ ṣì nílò alámòójútó. Bó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ti máa ṣe é, ẹ gbà pé ìwé àti ChatGPT wà níwájú wọn, kí ẹ sì ṣe ìbéèrè yín bẹ́ẹ̀. Mi ò gba àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ pé àwọn mọ ohun tí AI kọ gbọ́. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ kéré gan-an. Lọ́dún kan, a fi 9.81 sí ìdáhùn ìbéèrè kan, a ò sì sọ fún ẹ̀rọ pé kó gba èyí tó súnmọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó kọ 9.8 gba òdo. Ọmọ kan ló wá bá mi tòun ti ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́, ni a bá tún gbogbo rẹ̀ máàkì.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ náà léwu. Bí èèyàn 240 bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà, server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tí ìdánwò náà wà lórí rẹ̀, lè dákú. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà láàárín wọn. Lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fún wọn ní ìdánwò márùn-ún-ìbéèrè tí kò ní máàkì, nínú yàrá yẹn gan-an, lórí ẹ̀rọ yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tó ti gbàgbé password rẹ̀ àti kíbọọ̀dù tí lẹ́tà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Àkókò àlékún fún àwọn tó ní ìpèníjà ojú tàbí ọwọ́, ẹ tò ó sílẹ̀ ṣáájú. Bí iná bá lọ, aago ìdánwò kì í dúró. Kí alámòójútó kọ ìṣẹ́jú tó lọ sílẹ̀, kí ẹ fi kún un fún wọn. Ẹ tẹ ìbéèrè sórí bébà pamọ́ náà.

Kí ẹ tó gbé máàkì jáde, ẹ wo ìbéèrè tí àwọn tó gbégbá orókè gbogbo kùnà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn tí ẹ̀yin fúnra yín fi sínú ẹ̀rọ ló ṣìnà.