Ṣé ìnákúnàá ni kéèyàn da ọbẹ̀ tó ti kan nù?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekum, Ààfáà wa. Oúnjẹ ni mò ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Wọn ò mú iná wá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹran àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí inú fìríìjì mi bá kan. Mo dà á sí gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi bínú gan-an. Ó ní Al-Kùránì pe àwọn tó ń fi nǹkan ṣòfò ní ọmọ ìyá Ṣàìtánì, ó ní ǹ bá tún un gbé kaná kí àwa ará ilé jẹ ẹ́. Ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, omi àlùwàlá ńkọ́? Ríra là ń ra omi.

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam, ìyá wa. Ẹ ò dẹ́ṣẹ̀ nítorí pé ẹ da ohun tó ti bàjẹ́ nù. Ibi tí ẹ dà á sí lọ̀rọ̀ wà, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Òótọ́ ni āyà tí bàbá kà, ó wà nínú Súrátul-Isrá, āyà 26 àti 27. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun kọ́kọ́ ní ká fún ẹbí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ká fún aláìní àti onírìn-àjò, kó tó ní ká má ná ìná-àpà. Nítorí náà, ìgbà tí ọbẹ̀ yẹn ṣì dára ló yẹ kí ẹ bi ara yín léèrè nípa rẹ̀. Nígbà tí iná ò dé, tí ẹ rí i pé fìríìjì ti ń gbóná, ṣé ẹ lè dín ẹran yẹn gbẹ, kí ẹ tà á ní ẹ̀dínwó, tàbí kí ẹ gbé e fún àwọn ọmọ kéwú àdúgbò? Bí ẹ bá lè ṣe é, tí ẹ kàn jókòó wò ó títí ó fi bàjẹ́, ẹ tọrọ àforíjì. Bí ẹ ò bá mọ̀, tàbí tí agbára yín ò ká a, Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára ẹnì kan lọ lé e lórí.

Ní ti pé kí ẹ tún un gbé kaná, ẹ bá mi bẹ bàbá. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim, ọ̀kan lára àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ọdẹ láàyè láti jẹ ẹran tó rí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì rùn. Ẹran tó ti ń rùn kúrò lóúnjẹ. Mo tún dúpẹ́ pé ẹ ò bù ú fún oníbàárà, nítorí Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, ó rí i pé omi ti rin ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí èyí tó gbẹ sì bò ó lókè, ó sì sọ pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára òun.

Ohun tí a pè ní pàǹtí gan-an, ó yẹ ká wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àgùntàn kan tí wọ́n fi ṣe sàráà fún ẹrúbìnrin tí Maymuna, ìyàwó Ànábì, dá sílẹ̀, kú fúnra rẹ̀. Ànábì béèrè ìdí tí wọn ò fi lo awọ rẹ̀. Wọ́n ní òkú ǹbete ni, ìyẹn ẹran tó kú láìjẹ́ pé wọ́n dúńbú rẹ̀. Ó ní jíjẹ rẹ̀ nìkan ni harámù. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ń wá a kiri.

Gọ́tà yẹn ló dùn mí jù. Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980 nígbà tó kún àkúnya. Ní August 2011, omi tún gbé ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sínú gọ́tà àti odò wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Ànábì ní mímú ohun tó ń ni èèyàn lára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ẹni tó dí gọ́tà ń gbé ìnira sí ojú ọ̀nà aládùúgbò, ẹ̀tọ́ ẹlòmíì sì ni. Ẹ kó ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ kúrò, kí ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ máa di irú rẹ̀ sínú ọ̀rá fún àwọn kólẹ̀kódọ̀tí.

Omi àlùwàlá: mudd kan, òṣùwọ̀n àwọn Lárúbáwá, ni Ànábì fi ń ṣe é, kò tó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì. Fífọ oríkèé lẹ́ẹ̀mẹta ni òpin. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ bù ú sínú kẹ́tùlù kékeré, yóò ṣẹ́ kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ṣe ti ìrun tó kàn.