Iná ọgbà fún ilé màmá ní Iléṣà: ẹ má ra nọ́ńbà ara páálí

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ẹ̀gbọ́n wa ní Calgary. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ilé màmá ní Òkèṣà ti parí, fẹ́ǹsì ti yí i ká, ínfátà kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì 12V 200Ah kan ṣoṣo. Àbúrò yín wá kọ iye owó ránṣẹ́ pé floodlight onísólà 200W mẹ́rin ni kí ẹ rà. Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ fowó ránṣẹ́, tàbí kí ẹ ra tiyín ní Kánádà kí ẹ gbé e bọ̀ nínú oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Iléṣà níbí, mo sì ti gun àkàbà ní ọ̀pọ̀ ilé àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi ti rí.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé 200W yẹn. Mo ti ra irú rẹ̀ rí fún ilé ìyá tèmi, 200W gàdàgbà ló wà lára páálí. Aago mẹ́wàá alẹ́ kò tíì lù tó ti ń ṣẹ́jú, nígbà tó fi máa di mọ́kànlá ó ti kú pátápátá. Ìyá mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé àtùpà òun ṣì wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Mo sọ iná náà kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì róbótó méjì tí wọ́n so pọ̀ ni mo bá níbẹ̀, 3.2V, 10Ah. Ẹ sọ 3.2 di ìlọ́po mẹ́wàá, 32Wh péré ni; Wh (wọ́ọ̀tì-wákàtí) ni ìwọ̀n gbogbo iná tí bátìrì lè gbà pamọ́. Ká ní iná náà ń jẹ 200W lóòótọ́, bátìrì yẹn kò lè gbé e ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òru tiwa níbí sì ń lọ bíi wákàtí méjìlá jálẹ̀ ọdún. Ẹ pín 32 sí ọ̀nà 12: èyí tí bátìrì náà lè gbé ró títí di àárọ̀ kò pé 3W.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi àbúrò yín ni pé bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ Wh mélòó, pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì mélòó, lumen rẹ̀ sì jẹ́ mélòó. Lumen ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. Wọ́ọ̀tì, iye iná tó ń jẹ ló ń sọ. LED tó dáa máa ń mú bíi 100 lumen jáde lórí wọ́ọ̀tì kan. Iná 20W tí kò parọ́ yóò fún yín ní nǹkan bíi 2,000 lumen, gílóòbù 100W tí bàbá wa ń lò láyé àtijọ́ kò sì mú ju bíi 1,500 lọ. Ẹ rántí bí gílóòbù kan ṣoṣo ṣe ń mọ́lẹ̀ kárí àgbàlá nígbà náà. Ilé màmá kò nílò iná pápá ìṣeré.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ro ibi tí iná yóò ti máa bọ̀. Floodlight tó ń lo wáyà ilé máa ń pẹ́ ju gbogbo wọn lọ bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ínfátà ni yóò máa gbé e nígbà tí iná NEPA bá lọ, ìṣirò rẹ̀ sì nìyí. Bátìrì yín, 12V lọ́nà 200Ah, jẹ́ 2,400Wh. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí gel, ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́: 1,200Wh. Floodlight 50W mẹ́rin láti àṣálẹ́ di àárọ̀ á jẹ 2,400, ìyẹn ni pé wọ́n á gbẹ bátìrì náà láàárín òru kan. Tí ó bá jẹ́ 20W mẹ́rin, 960 ni, kò sì ní ku nǹkan gidi fún fáànù màmá. 20W méjì ni èmi yóò gbé sórí ínfátà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ilé. 480Wh ni wọ́n máa jẹ, màmá á sì rí fáànù lò.

Ní ẹnu géètì, tó jìnnà sí ilé, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ lo sólà, kí ẹ má baà gbẹ́lẹ̀ ri wáyà. Ẹ ra irú èyí tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá dúró tó ní wáyà gígùn, kí ẹ lè gbé pánẹ́ẹ̀lì síbi tí oòrùn wà, kí iná fúnra rẹ̀ sì wà níbi tí ẹ ti ń fẹ́ ẹ. Èyí tí pánẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ọn lórí kì í jẹ́ kí ẹ rí méjèèjì ṣe pọ̀. Kí wọ́n kọ ojú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, kó má sì sí lábẹ́ igi máńgòrò kankan. Kí bátìrì rẹ̀ jẹ́ LiFePO4, irú bátìrì lithium kan, torí ó ń gba ooru mọ́ra, ó sì máa ń pẹ́. Nígbà ọyẹ́, kí ẹnì kan máa fi aṣọ tútù nu eruku ojú rẹ̀. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, irú èyí tó ní sẹ́ńsọ̀, tó ń ṣú díẹ̀ tó sì ń tàn gbòò nígbà tí ènìyàn bá ń bọ̀, òun ni kì í tètè kú. Àmọ́ kí sẹ́ńsọ̀ náà má kọjú sí títì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹni tó bá kọjá ni yóò máa tan án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ti àwọ̀ iná yìí. Ẹ̀yin náà dàgbà níbí, ẹ rántí bí èsúnsún ṣe máa ń rọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí a máa ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná kí wọ́n lè já bọ́ sínú rẹ̀. K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná. Iná 6500K, èyí tó funfun títí tó fi ń ta bí aró, òun ni kòkòrò ń wọ́ tẹ̀lé jù. Bí wọ́n bá gbé e sókè ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọńlé á kún ògiri, ìyẹ́ èsúnsún á bo ilẹ̀ láàárọ̀, màmá á sì máa tẹ̀ ẹ́ kiri. Ẹ ra 3000K, èyí tó pọ́n bí iná àtùpà. Kò ní lé kòkòrò tán, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere, ojú àgbàlagbà sì ń gbà á ju funfun lọ.

Ní ti rírà á ní Kánádà: 120V ni iná ilé tiyín lọ́hùn-ún, 230V ni tiwa. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ “Input” sára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 85–265V tàbí 100–240V, kò séwu, irú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń fara da iná tó bá lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án ló máa jó. Bí ẹ bá sì ń gbé onísólà wọ ọkọ̀ òfuurufú, bátìrì lithium tó dá wà kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ ni ẹ máa gbé e dání, kó má sì ju 100Wh lọ láìjẹ́ pé ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

IP65, nọ́ńbà tó ń sọ bí eruku àti omi kò ṣe lè wọ inú iná, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ bá mi wò lára rẹ̀ nítorí òjò. Síbẹ̀, ibi tí omi máa ń gbà wọlé jù ni ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà. Mo ti rí iná olówó ńlá tó kú nítorí pé ọ̀rá tẹ́ẹ̀pù lásán ni wọ́n fi wé e. Kí wọ́n so ó sínú àpótí tí omi ò lè wọ̀, kí ẹnu ihò wáyà kọjú sílẹ̀, kí wọ́n sì so wáyà tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò mọ́ ilẹ̀, torí irin ni ara floodlight.

Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí àbúrò yín ya fọ́tò ẹ̀yìn iná náà níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kó má ya páálí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e sókè, kó ṣe fídíò rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, kó tó di pé ẹ san ìyókù owó iṣẹ́. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà pé kó fa swíìṣì iná ẹ̀yìn ilé dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró lóru, kí wọ́n lè tan ìmọ́lẹ̀ síta láì dìde.