Coat of arms fún ẹbí Yorùbá ní London: ọ̀dọ̀ ta ni, báwo sì ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bí ẹbí yín ní London ṣe lè ní coat of arms tiwọn, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń yà sórí asà, àti bóyá èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dáa. Ẹ má ra ìyẹn o. Kò sí àmì tó jẹ́ ti orúkọ ìdílé kan. Èèyàn kan pàtó ni wọ́n ń fún, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló sì ń jogún rẹ̀.

College of Arms, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1484, ló láṣẹ láti fúnni ní àmì yìí ní England, Wales àti Northern Ireland. Bó bá jẹ́ Scotland lẹ ń gbé, Lord Lyon ní Edinburgh ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ẹ kọ̀wé sí herald, ìyẹn òṣìṣẹ́ College yìí, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ fi CV sí i: ìwé ẹ̀rí yunifásítì, iṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe láwùjọ. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, herald á bá yín kọ ẹ̀bẹ̀ sí Earl Marshal, ìjòyè tó ń bójú tó College náà, ìyẹn Duke of Norfolk. Ọjọ́ tí ẹ̀bẹ̀ bá wọlé lẹ máa sanwó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni, wọn ò sì tíì ya nǹkan kan.

Inú ẹ̀bẹ̀ yìí làwọn èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà. Wọ́n rò pé mọ̀lẹ́bí ló ni àmì náà. Bó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀, àbúrò yín ọmọ bàbá yín kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ ní kí herald kọ ọ́ pé kó kan gbogbo àtọmọdọ́mọ bàbá yín, kí wọ́n tó fi èdìdì lù ú. Ìlà ọkùnrin ló ń tọ̀: ọmọbìnrin a lò ó nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sábà jogún rẹ̀.

Ó ku àwòrán. Gángan, erin, máàpù Nàìjíríà àti fọ́tò bàbá àgbà kò lè gba orí asà kan ṣoṣo. Ẹ mú ohun kan tàbí méjì. Wúrà àti fàdákà, tí wọ́n ń kùn ní yẹ́lò àti funfun, kì í gun ara wọn. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò náà kì í gun ara wọn. Gángan pupa lórí asà dúdú kò ní hàn lókèèrè. Ẹ sọ ọ́ di wúrà. Ẹ wo ti Nàìjíríà: asà dúdú, odò Ọya àti Benue funfun. Àwọn herald á tún yẹ ìwé wọn wò, kó má bàa jọ tẹlòmíì.

Fún ará London, Garter àti Clarenceux, méjì nínú àwọn ọ̀gá herald, ló ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ náà, lórí awọ ọmọ màlúù. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àmì náà (motto) kì í ṣe ara ohun tí wọ́n fún yín ní England, ẹ lè yí i padà. Ní Scotland, ó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òwe Yorùbá, ẹ fi àmì ohùn sí i fúnra yín, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí akọ̀wé wọn tó gbé e sórí awọ.